Ìyé, Táǹkì Ilé Gàrí, àti Àwọn Alábàárù Tí Ojú Lásán Kò Rí

Kí Ìyé tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, táǹkì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kí. Wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé gàrí kọjá, wọ́n á fi ọ̀pá wọn kan ìdérí kọnkéré rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Okun o." Wọ́n á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó yíjú sí àwa tó kù. Ìkíni wa ni okun ní Kàbà àti ní àwọn ìlú tó yí wa ká, a kì í fi du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹlòmíràn tó ń fi kí táǹkì tí èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù kún inú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin wọ́n. Ìyé là ń pe ìyá nílé wa. Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, ó sì ti mọ́ mi lára láti kọ̀wé nípa òkú àwọn ẹlòmíràn: ọdún tí wọ́n bí i, ilé ìwé tó lọ, oyè tó jẹ, iye ọmọ tó fi sílẹ̀. N kò ní kọ irú ìyẹn nípa Ìyé. Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà kan tí mo kọ ọ́ nípa ọ̀gá ilé ìwé kan tó kú, wọ́n fi awò ojú wọn kà á tán, wọ́n ká ìwé ìròyìn náà, wọ́n dá a padà fún mi.

"O kọ gbogbo ibi tó dé," ni wọ́n wí. "O ò kọ ohun tó ṣe."

Ohun tí Ìyé ṣe rèé. Wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ní Mopa, ní Iffe tó wà nítòsí wa, kí wọ́n tó wá fẹ̀yìn tì sí Kàbà. Nígbà tí wọ́n dé ilé, wọ́n bá ọmọ wọn obìnrin, Àǹtí Dúpẹ́, nídìí agbada gàrí. Àǹtí Dúpẹ́ ni àbúrò ìyá mi. Èéfín igi ti wọ̀ ọ́ láyà, ó ń wú ikọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Dókítà sọ fún un pé kó yan ọ̀kan: èéfín tàbí ẹ̀mí rẹ̀. Iṣẹ́ míràn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyé kò bẹ ẹ́ pé kó fi gàrí sílẹ̀. Wọ́n pe bíríkìlà, wọ́n ní kó gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé gàrí, wọ́n kọ́ táǹkì sínú rẹ̀, wọ́n fa páìpù láti ibẹ̀ wá sábẹ́ agbada mẹ́rin tó wà níbẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti omi ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin tó jọ ń yan gàrí níbẹ̀ ń dà nù tẹ́lẹ̀ ń wọ inú táǹkì. Korobá mẹ́ta ohun tí alápatà yọ nínú àpòlúkù màlúù ń tẹ̀ lé e lójoojúmọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n ṣáná sí ẹnu páìpù, iná aláwọ̀ búlúù yọ láìsí èéfín. Àǹtí Dúpẹ́ sọ fún mi pé òun jókòó tì í, òun kò mọ ohun tí òun lè fi ojú òun ṣe, torí kò ta òun mọ́.

Gáàsì náà ń jẹ́ mẹ́téènì. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan ló ń ṣe é, wọn kò sì lè gbé níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́. Àwọn ni Ìyé ń kí ní "Okun o." Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní, "Àwọn ló ń se oúnjẹ wa. Ṣé o ò ní kí ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ?"

Ìyé ní máíkíróskóòpù kan, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá lójú, tí wọ́n gbà nígbà tí ilé ìwé kan fẹ́ jù ú nù. Wọ́n tún ra tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò lọ́jà, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ náírà wò bóyá ayédèrú ni. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan tí mo wálé, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n fa kúbùsù bo àwa méjèèjì àti máíkíróskóòpù náà. Ooru mú wa lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fún ní àgbo ibà. Wọ́n kán omi táǹkì sórí gíláàsì, wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní kí n wò.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí wọn: àwọn ẹyọ kéékèèké, wọ́n ń tàn láwọ̀ búlúù tó fẹ́ di àwọ̀ ewé, bí omi aró tí oòrùn bọ́ sí nínú. Wọ́n pọ̀. Mo ti rí ìdìbò, mo ti rí omíyalé, mo ti dúró níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá. N kò tíì rí irú èyí rí. Mo fẹ́ lọgun. Ìyé fi ìgúnpá gún mi ní ìhà.

"Má pariwo," ni wọ́n wí. "Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́."

Mo bi wọ́n pé kí ló ń tàn lára wọn. Wọ́n ní koẹ́nsáìmù ni, pé orúkọ èyí tó ń tàn yẹn ni F420. Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe ṣàlàyé fún ẹni tí kò ka ìwé ohun abẹ̀mí. Wọ́n mú mi lọ sí ilé gàrí. Wọ́n ní kí n wò ó: ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń lọ̀ ọ́, ẹnì kan ń fún omi rẹ̀, ẹnì kan ń sẹ́ ẹ, ẹnì kan ń yan án. Wọ́n bi mí pé kí ló ń gbé e láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn. Mo ní igbá ni, àti korobá, àti ajọ̀. Wọ́n ní koẹ́nsáìmù nìyẹn. Alábàárù ni. Ó ń gba ẹrù, ó ń gbé e fún ẹlòmíràn, á padà wá lófìfo, á tún gba òmíràn. Kò jẹ nínú ẹ̀gẹ́, kò dàpọ̀ mọ́ gàrí. Ṣùgbọ́n ẹ kó gbogbo igbá pamọ́ lónìí, kí ẹ wo iye gàrí tí ẹ máa rí yan.

Nínú àwọn ẹ̀dá yẹn, F420 ló ń gbé agbára. Èyí tí wọ́n ń pè ní koẹ́nsáìmù M ló ń gba ẹrù ìkẹyìn, ẹyọ kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn tó yí i ká. Koẹ́nsáìmù B á wá di ọwọ́ M mú, ẹrù á bọ́, ohun tó bọ́ yẹn ni gáàsì tó ń jó lábẹ́ agbada. A óò tún tú M àti B kúrò lára ara wọn, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí ẹrù ti ń bọ́ yẹn gan-an, koẹ́nsáìmù míràn ló jókòó síbẹ̀, F430, aláwọ̀ ìyeyè, ẹyọ níkẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, irú irin kan, sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́. Bí níkẹ́ẹ̀lì yẹn kò bá sí, gbogbo òṣìṣẹ́ tó kù á kàn dúró ti ẹrù ni.

Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé mi, Ìyé ń wo ọwọ́ mi. "Ẹ̀yin oníròyìn," ni wọ́n wí, "ọ̀gá ibi iṣẹ́ lẹ máa ń wá lọ. Ẹ wo igbá."

Kí ẹ má rò pé èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Ìyé le. Ẹni tí wọ́n bá jà jù láyé wọn ni àbúrò wọn ọkùnrin, Bàbá Bámidélé, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn obìnrin sì fi ṣe alága ilé gàrí torí pé ó mọ lẹ́tà kọ. Wọ́n jà lórí rédíò, wọ́n jà lórí ibi tó yẹ kí ewúrẹ́ sùn sí, wọ́n jà lórí ẹni tí ìyá wọn fẹ́ràn jù. Níwájú àlejò, Bàbá Bámidélé á ní, "Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, kòkòrò ni wọ́n ń sìn." Ìyé á ní ó sàn kéèyàn sin kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ ju kó jẹ́ alága tí kì í ṣe é lọ. Wọ́n á wá jọ jẹun nínú abọ́ kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti Bàbá Bámidélé lọ́sẹ̀ yìí pé kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ kò ní ẹ̀rín nínú. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ ìdí. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé: 'Gbé e síbí. Bu u sí i. Má fọwọ́ kàn án.' Tí o bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á wò ọ́." Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ti gbọ́ ìdáhùn Ìyé fúnra mi, nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ṣàlàyé táǹkì fún àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

"Korobá mẹ́ta lójúmọ́," ni wọ́n wí. "Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ mọ̀?"

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, agbada kan ló pẹ́ kó tó gbóná. Lẹ́yìn oṣù kan, agbada méjì kò gbóná rárá. Láràárọ̀, Ìyé ń bi Ìyá Ràfíù, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin náà, pé ṣé wọ́n ti bu korobá mẹ́ta sí i. Ìyá Ràfíù ń dáhùn pé wọ́n ti bu u. Ìyé fa kúbùsù borí, wọ́n wo omi táǹkì: àwọn ẹyọ tó ń tàn ti dín kù, èyí tó kù kò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọn kò kí mi, wọ́n kàn ní, "Ebi ń pa wọ́n, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́."

Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Bámidélé ti pe ìpàdé. Wọ́n ní táǹkì ti kú, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí i, kí wọ́n padà sí igi. Ọkọ̀ igi àkọ́kọ́ ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Àǹtí Dúpẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó ní, "Bí igi bá wọlé, èmi á jáde." Mo gbọ́, mo wọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé ìròyìn ni mo ń lọ wá, irọ́ díẹ̀ sì ni.

Mo bá ìgò omi mẹ́ta lójú fèrèsé Ìyé, wọ́n fi fèrè rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí lọ́jọ́ ìbí dé wọn lórí. Wọ́n bu omi táǹkì àti èèpo ẹ̀gẹ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí àkọ́kọ́, wọn kò fi nǹkan kan kún un. Èyí kejì, wọ́n fi kaun díẹ̀ sí i, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kíkan ló pọ̀ jù. Èyí kẹta, wọ́n sá ohun inú àpòlúkù màlúù gbẹ, wọ́n jó o di eérú, wọ́n bu ṣíbí eérú náà sí i. Ohun abẹ̀mí kan kò lè kù nínú eérú. Ohun tí iná kò lè jó ló kù, níkẹ́ẹ̀lì sì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n ti to ìgò náà nìyẹn. Fèrè àkọ́kọ́ ti wó. Èkejì gbé orí díẹ̀. Ẹ̀kẹta dúró gan-an, ó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́.

Mo fò sókè. Ìyé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo fèrè kẹta yẹn bí ẹni tó rí lẹ́tà burúkú gbà. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú àpòlúkù màlúù ló ṣàìtó nínú táǹkì, a jẹ́ pé korobá mẹ́ta tí wọ́n ní àwọn ń bù sí i lójoojúmọ́ kò débẹ̀.

Wọ́n mú ọ̀pá wọn, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rìn gba ẹ̀yìn ilé gàrí, wọ́n kọjá táǹkì láìkí i, wọ́n dé ìdí ọgbà. Ata wà níbẹ̀. Ata tó ga tó mi ní èjìká, ewé rẹ̀ dúdú, ọmọ rẹ̀ ń fa ẹ̀ka wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Ìyé já ọ̀kan, wọ́n fi í sínú àpò ẹ̀wù wọn.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó gàrí lọ sọ́jà. Ìyé to ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Wọ́n fi ọ̀pá bíírò dé ẹnu fèrè kejì, wọ́n ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń jó, ó pa ìṣáná. Wọ́n ṣáná sí ti ẹ̀kẹta. Iná búlúù gùn jáde, ó jó títí fèrè fi rọ̀. Bàbá Bámidélé dìde láti wò ó dáadáa. Ìyé wá mú ata jáde, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò.

Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ohun tó sọ rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Oníbàárà kan láti Lọ́kọ́jà ló bu gàrí wa sọ́wọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, 'Iná ìgbẹ́ lẹ fi yan èyí, àbí?' Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń fi pè wá. Ojú tì wá. A ní ká máa da ti màlúù sídìí ọgbà, ká máa fi ẹ̀gẹ́ nìkan sí i. Iná kò sì kú lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì jó fún oṣù méjì sí i. A rò pé ohun tí Ìyé sọ kò ṣe pàtàkì." Ó gbójú sókè sí Ìyé. "A ò lè sọ fún yín. Ta ló fẹ́ dúró níwájú yín bí ọmọ iléèwé?"

Mo wo Ìyé. Àǹtí Dúpẹ́ náà wò wọ́n, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Gbogbo wa mọ ahọ́n Ìyé, gbogbo wa sì ń dúró dè é. Mo ti múra ìwé mi sílẹ̀.

"Dìde, Ìyá Ràfíù," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ṣì í. Mo pàṣẹ fún yín, n kò ṣàlàyé."

 Bàbá Bámidélé rọra jókòó. Wọ́n ní, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ṣàlàyé rẹ̀ nísinsìnyí."

Ìyé kó gbogbo igbá, ajọ̀ àti korobá ilé gàrí sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ní kí àwọn obìnrin máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ títí ẹ̀gẹ́ fi ń já bọ́ láàárín ìka wọn. Ìyé ń dá igbá padà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dá a padà: F420 nìyí, M nìyí, B nìyí. Wọ́n gbé agbada sílẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n gbé òkúta kékeré kan sí àárín rẹ̀, wọ́n ní níkẹ́ẹ̀lì nìyí, inú koríko tí màlúù jẹ ló ti wá, màlúù kò sì fi du wa. Nígbà tí oòrùn fi máa rẹlẹ̀, Ìyá Ràfíù ti ń bá ẹlòmíràn jiyàn pé M kọ́ ló ń tàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìyé lọ bá Màlàm Dànládì alápatà fúnra wọn, àwa tó kù tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ká apá ẹ̀wù wọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú àpòlúkù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, wọ́n ń bù ú sí korobá. Màlàm Dànládì ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é." Wọ́n ń bù ú lọ. Lójú gbogbo ọjà ni wọ́n fi gbé korobá tiwọn padà sílé gàrí. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, agbada mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbóná. Àǹtí Dúpẹ́ yọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú báàgì. Igi inú ọkọ̀ yẹn, wọ́n fi ṣe òrùlé ibi tí ewúrẹ́ ń sùn, Ìyé àti Bàbá Bámidélé sì jà lórí ìyẹn náà.

Mo bi Ìyé pé ṣé kí n kọ ọ́ pé níkẹ́ẹ̀lì ló ṣe é. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní irú irin míràn tó ń jẹ́ kóbáàtì wà nínú eérú yẹn, irin gan-an náà wà níbẹ̀, àwọn kò sì ní ẹ̀rọ tí àwọn lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀. "Kọ ohun tí o rí," ni wọ́n wí. "O rí fèrè tó dìde."

Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín. Ọyẹ́ ni Ìyé kú sí, lórí àga wọn, tọ́ọ̀ṣì àlùkò yẹn wà nínú àpò ẹ̀wù wọn. Ilé gàrí ni wọ́n ti se oúnjẹ ìsìnkú, iná táǹkì ni wọ́n fi sè é, Àǹtí Dúpẹ́ ló dúró tì í láti òwúrọ̀, n kò sì gbọ́ ikọ́ kan. Láàárín àlejò, ọkùnrin kan tó bá wọn wá láti ọ̀nà jíjìn wo abẹ́ ìkòkò, ó tẹ̀ lé páìpù dé ẹ̀yìn, ó padà wá, ó fi ọwọ́ di imú, ó ní ṣé iná ìgbẹ́ ni wọ́n fi se ohun tí òun jẹ yìí.

Ojú kò ti Ìyá Ràfíù. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó kó igbá mẹ́ta wá, ó tò wọ́n síwájú ọkùnrin náà, ó fa àga fún un.

"Ìgbẹ́ ni," ló wí. "Jókòó, kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ."